Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Kẹ̀kẹ́ Rí Òkun

"Ìkòkò yẹn kò ní bá wa lọ," ni Sẹ̀nàmí wí. Ó gbé ìkòkò irin náà kúrò lórí òṣùwọ̀n, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kí la ó wá fi se oúnjẹ? Àtẹ́lẹwọ́?"

"A ó rẹ gàrí mu. A ó jẹ kúlíkúlí. Ìbídùn, ìkòkò yìí nìkan wúwo ju àgọ́ tí a ó máa sùn sí. Bí a bá gun orí ògiri òkun, tí atẹ́gùn kọjú ìjà sí wa, ìwọ fúnra rẹ ni wàá sọ ọ́ sómi."

Ìbídùn wo ìkòkò náà bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n lé síta. Àmọ́ òótọ́ lọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Ẹrù ti kún orí ẹní: táyà tí wọ́n ká bí ejò, túùbù, páńpù, ṣéènì tí wọ́n fi epo pa, sípóòkì tí wọ́n dì bí igi ìdáná, àpò gàrí, àpò ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, aṣọ òjò, àti àwo onídígí tí ń fi oòrùn yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń mú ni àwọn obìnrin méjèèjì ti ń kó wọn jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ ni wọ́n, nílé ìwé kan náà, lórí àpáta Abẹ́òkúta. Ìbídùn ló ń kọ́ àwọn ọmọ nípa omi: bí òkun ṣe gbé Èkó mì ládùúgbò-ládùúgbò, bí àwọn èèyàn ṣe sá gòkè títí àpáta fi kún, tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí ka orí mọ́ orí, omi mọ́ omi. Lọ́jọ́ kan tó ń kọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bi í bí òkun ṣe ń rùn. Ó la ẹnu, kò rí nǹkan kan sọ. Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tó ti ń kọ́ ọmọ nípa òkun títí àwọn míì nínú wọn fi di ìyá ọlọ́mọ, kò fojú kan òkun rí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbogbo. Kò sẹ́ni tó rí i nínú wọn. Ìtìjú yẹn ló bí ìrìn àjò yìí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ògiri tí wọ́n mọ dí òkun bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì, ó sì gùn lọ títí dé Ayétòrò tuntun tí wọ́n kọ́ sórí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọkọ̀ abẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀, nítorí pé ìró ẹ́ńjìnnì máa ń mi iyanrìn inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbabẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn tàbí kó gun kẹ̀kẹ́, kó sì di gbogbo ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò mu sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Ṣé o rántí bí Ohùn Ìjọba ṣe sọ ọ́?" Sẹ̀nàmí fún imú pọ̀, ó ń sín ohùn náà jẹ. "'Ẹ̀yin èrò ọ̀nà, bí omi yín bá tán lórí ògiri, ẹ má kígbe. Bí ẹsẹ̀ yín bá dá, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rù ló ń gbé e níbi tó ti wúwo.'"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Wọ́n tún ní wọn yóò yọ wá kúrò nínú iye ará ìlú títí a ó fi fọwọ́ kan òpó tó wà ní Ayétòrò, níbi tí ògiri parí sí," ni Ìbídùn wí.

"Omi wa ni wọ́n fẹ́ gé. Kí wọ́n gé e. Ṣé a ó wà nílé mu ún ni? Fọlárìn ńkọ́, ó ti bá ọ tẹ àtẹ́lẹwọ́?"

"Ó ní lọ́sẹ̀ yìí." Ara ilé ẹni ló gbọ́dọ̀ tẹ àtẹ́lẹwọ́ sójú ẹ̀rọ ìjọba kí wọ́n tó gbà pé kí èèyàn lọ. Fọlárìn ọkọ Ìbídùn kò sọ pé òun kò gbà, kò sì sọ pé òun gbà. Ẹ̀gbọ́n Sẹ̀nàmí lọ́kùnrin kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà sétí. "Jẹ́ kí n bu omi wá ká wọ̀n ọ́n. Omi ni baba ẹrù."

Ó mú ìgò lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Omi kò jáde. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó tún gbé e lé e. Ẹ̀rọ náà dákẹ́ bí òkúta.

"Ohùn, kí ló ṣe ẹ̀rọ omi?"

Ohùn Ilé, ẹ̀rọ tí ń fọhùn láti inú ògiri, tí kì í jẹ́ kí èèyàn pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn.

"Bóyá ó ń ṣàìsàn," ni Sẹ̀nàmí wí. Ó dìde, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Omi ṣàn jáde ṣàà. "Ohùn, kí ló dé tí o kò dá Ìbídùn lóhùn?"

"Àlejò, ẹ kú ọjọ́," ni Ohùn Ilé wí pẹ̀lú ọ̀yàyà. "Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ̀rín ṣì kù díẹ̀ lẹ́nu Sẹ̀nàmí, kò tíì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Àṣìṣe ni," ni Ìbídùn wí kíákíá. "Jẹ́ ká lọ sílé ìwé. Ẹ̀rọ ibẹ̀ yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa."

Wọ́n dé ibi tí ọkọ̀ orí okùn ti ń gbé èrò láti àpáta kan dé èkejì. Sẹ̀nàmí fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn sì ń pa dé mọ́ ọn lójú bí ẹni pé atẹ́gùn lásán ló dúró níbẹ̀. Bí kò bá fà sẹ́yìn ni, irin ìbá gé e lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ gbéra. Ó rí Sẹ̀nàmí tó ń fi ìkúùkù lu dígí, tí ẹnu rẹ̀ ń là tí ó ń pa dé, títí ọkọ̀ náà fi kéré sójú òfuurufú.

Kò tíì mọ ohun tó ń bẹ̀rù, àmọ́ ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun òkè kejì. Gbogbo ilẹ̀kùn tó ti ń ṣí fún un láti kékeré, gbogbo iná tó ti ń tàn nígbà tó bá ń kọjá, kò sí èyí tó mira. Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ló ti gbọ́ orin. Àwọn ọmọ ń kọrin. Orin ọ̀sán kọ́ ni wọ́n ń kọ. Orin tí wọ́n máa ń kọ bí olóògbé bá wà ni.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó tóbi ju ènìyàn lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Olùkọ́ wa, ó ti di èrò ọ̀nà. Ó dìgbóṣe.* Àwọn ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ ń sunkún kíkorò. Ọ̀kan gbójú sókè, ó rí i lójú fèrèsé, ó sì figbe ta. Kíá ni gbogbo wọn dìde. Àwọn kan ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn kan sá sẹ́yìn tábìlì.

Ìyáàfin Ajétúnmọbí, ọ̀gá ilé ìwé, ló jáde sí i. Obìnrin tó máa ń pè é ní "àbúrò mi" ni. Ó dúró, kò wo ojú rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bá ògiri sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ògiri yìí, ìwọ ni mò ń bá wí. Bí ẹnì kan bá wà nítòsí tó ń gbọ́ mi, kó mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ló tẹ àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀ yìí. Kó padà lọ bi ọkọ rẹ̀."

"Màámi, ẹ wò mí. Èmi nìyí."

"Ògiri, òfin ní ẹni tó bá dá èrò ọ̀nà lóhùn, bí kì í bá ṣe ará ilé rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tó bá fún un ní nǹkan tàbí tó bá a gbé ẹrù, wọ́n á gé iná àti omi onítọ̀hún. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi níbí pọ̀. Kí ẹni náà má bínú sí mi." Omijé ń dà lójú rẹ̀ sórí àyà, kò nù ún, kí ẹnikẹ́ni má baà béèrè ẹni tó ń sunkún sí. "Ògiri, kò sí olùkọ́ tó dà bí tirẹ̀."

Ìbídùn kò mọ bí ó ṣe padà sílé. Ohun tó rántí lẹ́yìn náà ni pé oòrùn ń ràn, pé ara òun sì tutù bí ẹni tí wọ́n da omi kànga sí. Ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kò ṣí fún un. Ó gbé ìkúùkù sókè, ó kan ilẹ̀kùn bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń kan án.

Fọlárìn ló ṣí i. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún okùn ọkọ̀ ṣe. Bó ṣe wo ojú ìyàwó rẹ̀ báyìí, ó mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ó jókòó sórí ẹní, láàárín táyà àti sípóòkì.

"Mo rò pé ó di ọjọ́ tí o bá gbéra kó tó bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ìbídùn, mo fi Ọlọ́run búra. N kò mọ̀ pé lójú ẹsẹ̀ ni."

"Kí lo mọ̀?"

Ó mú sípóòkì kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Fọlárìn, mo ní kí lo mọ̀?"

"Ilé ẹni méjì ni ilé yìí." Ó ń wo ilẹ̀. "Ohùn Ìjọba bi mí pé bí o bá lọ, ta ni yóò gba àyè rẹ. Mo ní Màmá mi."

Ìyá Fọlárìn wà ní Ìwópin létí ọ̀sà, níbi tí omi ti ń wọlé tọ àwọn èèyàn lórí ibùsùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn ni Fọlárìn ti ń bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kí ìyá òun gòkè wá. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: àpáta ti kún, àyè kò sí àfi bí ẹnì kan bá kú.

"Nígbà tí mo bá dé ńkọ́? Nígbà tí mo bá fọwọ́ kan òpó, tí mo padà di alààyè?"

"Ayétòrò ni wọn yóò kà ọ́ mọ́. Ibi tí èrò ọ̀nà bá parí ìrìn rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò máa gbé. Wọn yóò fún ọ ní ilé ẹni méjì, wọn yóò sì bi ọ́ ẹni tí o fẹ́ kó bá ọ gbé."

"O mọ ìyẹn láàárọ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ohun tó ta Ìbídùn jí kì í ṣe ìbínú. Ìyàlẹ́nu ni, ìyàlẹ́nu tó mọ́ bí ọjọ́. Ọkùnrin tó ń bá a dí ihò túùbù láná, tó ń fi omi wò ó bóyá ó ń jò, ló jókòó níwájú rẹ̀ yìí.

"Ìwọ lo ní o fẹ́ lọ," ni Fọlárìn wí. "N kò rán ọ."

"Mo ní mo fẹ́ lọ, mo sì ní mo fẹ́ bọ̀. Èwo lo gbọ́ níbẹ̀?"

"Mo gbọ́ méjèèjì. Ọ̀kan ṣoṣo ni Ohùn jẹ́ kí n mú." Ó gbójú sókè nígbà yìí. "Bí mo bá sọ fún ọ ṣáájú, o ò ní lọ. Bí o ò bá lọ, Màmá mi yóò kú sínú omi. Mo rò ó títí, orí mi dàrú."

"Ṣé a lè fà á sẹ́yìn?"

"Èmi ni mo lè fà á sẹ́yìn. Ìwọ ò lè sọ̀rọ̀ níwájú Ohùn mọ́. Àmọ́ bí Màmá bá ti lè gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn yìí, ó parí. Màmá sì ti wà lọ́nà láti àárọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tí wọ́n fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta, àti ohùn arúgbó kan tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bí òkè yìí ṣe ga tó. Ohùn Ilé sọ pẹ̀lú ayọ̀ pé, "Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ilẹ̀kùn, ilé ti di tiyín."

Fọlárìn dìde. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀kùn. Ìbídùn rí i pé yóò dúró bẹ́ẹ̀ títí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára ilẹ̀kùn yóò fi bá a ṣe ìpinnu.

Ìbídùn ló fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn ṣí láti inú.

"Màmá, ẹ dúró!"

Ìyá arúgbó náà dúró, ọwọ́ rẹ̀ lókè. Àpò kan ṣoṣo ló gbé kọ́ apá. Ojú rẹ̀ tàn bí ó ti rí i. "Ìyàwó mi! Ṣé dáadáa lo wà? Kí ló dé tí o ń pariwo mọ́ mi, ṣé mo tẹ nǹkan ni?"

Ìbídùn sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, kò fi ọ̀kan pa mọ́: kẹ̀kẹ́, òfin, àtẹ́lẹwọ́, àyè. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá náà. Ó funfun, ó sì ti ń bó bí awọ ẹja tí omi gbígbóná kàn, nítorí ọdún gbọọrọ tó ti fi ń dúró nínú omi dáná.

Ìyá Fọlárìn sọ ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn. "Wọ́n sọ fún mi pé àyè ṣí sílẹ̀," ló wí. "Mo jó. Níwájú gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú omi, mo dìde, mo jó. Fọlárìn, orí òkú ìyàwó rẹ ni mo jó lé?"

"Màmá..."

"Má pè mí." Ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e. "N kò ní wọlé. Ẹni tó bá mú mi wá, kó wá mú mi padà."

Ohùn Ilé ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìgbà dé ìgbà: "Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín lé ilẹ̀kùn." Nígbà tó yá, Fọlárìn wá kúnlẹ̀ sí àárín àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì sọ ohun tí Ìbídùn ti ń retí láti gbọ́. "Màá fà á sẹ́yìn," ló wí. "Ìbídùn, màá sọ fún wọn pé mo ṣì í tẹ̀. Wàá padà di alààyè kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó yẹ kí inú Ìbídùn dùn. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò dùn. Ó wo ọkọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì rí ohun kan kedere tí kò rí láti àárọ̀.

"Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ ni yóò sọ mí di alààyè," ló wí, "ẹnu rẹ náà lè tún pa mí lọ́la. Òpó Ayétòrò nìkan ni ẹnu ẹnikẹ́ni kò ká. Ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi débẹ̀."

"Ìbídùn, jọ̀ọ́."

"Kì í ṣe nítorí Màmá ni mo ṣe ń lọ, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Bíbọ̀ mi lo jí gbé."

Ó tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ ìyá náà mú. Arúgbó náà fà á padà, àmọ́ agbára kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìbídùn kò fi ipá mú un. Ó dúró dè é. "Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀ yín," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó." Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìsí ariwo. Ìbídùn gbé àtẹ́lẹwọ́ náà sókè, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bò ó.

"A dúpẹ́, Màmá," ni Ohùn Ilé wí. "Ilé yìí ti pé ẹni méjì."

Sẹ̀nàmí dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó gbé ìdajì ẹrù tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dání: ọ̀pá àgọ́, bíréèkì tí wọ́n rà sílẹ̀, àti àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Ó kó wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú sí ògiri bí ọ̀gá wọn ti ṣe.

"Ògiri," ló wí, "ẹ̀rù ń bà mí. Mo rí bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣe pa dé mọ́ ọn. N kò lè lọ."

Ìbídùn mọ̀ pé òun kò lè bá a jà. Ìrìn ẹni méjì ni wọ́n ti ṣètò: ẹnì kan gbé àgọ́, ẹnì kan gbé irinṣẹ́, ẹnì kan sùn, ẹnì kan ṣọ́ ìgbì. Gbogbo rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ó bọ́ sídìí òṣùwọ̀n, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó yọ táyà kan, ó fi èkejì sínú ẹrù. Ó yọ aṣọ títí ó fi ku ẹyọ kan lára, ẹyọ kan nínú àpò. Ó yọ ìdajì àgọ́. Aṣọ òjò ni yóò fi bo ibi tó kù. Ó yọ ìwé àti dígí ìwojú. Bí ó bá gbé ohun kan kúrò, Ìyá Fọlárìn a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń to ẹrù ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ. Fọlárìn dí ihò ara túùbù tó kù. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é, kò sì sẹ́ni tó ní kó má ṣe é.

Ó ku omi. Ìgò márùn-ún ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn ṣófo.

Ìyá arúgbó náà gbé ìgò àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ ara ògiri. Omi ṣàn. Ó yí ojú padà wo omi náà, omi tó mọ́, tí kò ní iyọ̀ tí kò ní ẹrẹ̀. Kò tọ́ ọ wò. Ó na ìgò náà sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Màmá," ni Ohùn Ilé wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí ẹ ń fún lómi yẹn kò sí."

"Ìwọ ni kò sí," ni Ìyá Fọlárìn wí. Ó gbé ìgò kejì.

"Màmá, ẹ ó fi omi yín jìyà. A ó gé e títí oṣù yóò fi lé."

"Gé e. Inú omi ni mo ti ń bọ̀." Ó gbé ìgò kẹta. "Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi omi du èèyàn. Ìyàwó mi, gbà. Má wo ojú rẹ̀, kò lójú."

Ìbídùn gbà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó sunkún láti àárọ̀.

Kí ìkùukùu òwúrọ̀ tó ká kúrò lórí àpáta, ó ti di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́, àpò kan lápá ọ̀tún, àpò kan lápá òsì, àgọ́ lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ náà wúwo débi pé, nígbà tó kọ́kọ́ tì í, ó fẹ́ dojú kọ ilẹ̀. Fọlárìn na ọwọ́ láti bá a dì í mú. Ó rántí òfin, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, kò kan án. Àwọn méjèèjì rí ọwọ́ náà bó ṣe dúró.

Fọlárìn bá a rìn dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlarò àti Àgbádárìgì. Ilẹ̀kùn bodè kò pa dé mọ́ ọn, kò sì ṣí fún un. Àlàfo kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àgùntàn máa ń gbà. Ibẹ̀ ló ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbà kọjá.

"Nígbà tí o bá dé," ni Fọlárìn wí láti òdìkejì irin, "nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ ẹni tí o fẹ́ kó bá ọ gbé..."

Kò lè parí rẹ̀. Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ kan lé pẹ́dàlì. Ó wo ọkọ rẹ̀ dáadáa, ojú rẹ̀, aṣọ rẹ̀, àbàwọ́n túùbù tó wà ní ìka rẹ̀.

"Orúkọ ta lo máa dá?" ni Fọlárìn béèrè.

"N kò mọ̀," ni Ìbídùn wí, òótọ́ ló sì sọ. "Èyí tí mo mọ̀ ni pé èmi ni wọ́n máa bi."

Ó tu bíréèkì sílẹ̀. Ẹrù náà fúnra rẹ̀ ló fà á lọ, ó ń sáré sí i, ó ń sáré sí i, títí afẹ́fẹ́ fi ń hó létí rẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.